Ògiri Tó Wà Lẹ́yìn Mi

Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà ooru tó kọjá. Àwa mẹ́ta la wà ní ilé ìdáná mi ní Forestville, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà: èmi, ọmọ mi obìnrin, àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Oxon Hill, nítorí ibẹ̀ ló ń gbé. Mo rántí àkókò náà nítorí pé aago ara sítóòfù ni mo tẹjú mọ́ nígbà tí ọmọ mi béèrè ohun tó béèrè.

"Dádì, ìwé búlúù yẹn dà? Èyí tí wọ́n fún yín ní Sípéènì."

Ọjọ́ Ajé ló máa wọ ọkọ̀ òfurufú. Ó fẹ́ lọ wo ìlú tí a ti bí i, ìlú etíkun kan ní Sípéènì, létí òkun tí wọ́n ń pè ní Mẹditaréníà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní òun rántí ni òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́bàá omi. Ọ́fíìsì ìlú náà ti sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀, kí ó mú ìwé ìdílé wa dání. Ìwé kékeré ni, ó ní èèpo búlúù. Ìjọba ibẹ̀ máa ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan: ojú ìwé kan fún àwọn òbí, lẹ́yìn náà ojú ìwé kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ ibi tí ìwé náà wà. Ó wà nínú àpótí ìyàwó mi, lábẹ́ àwọn gèlè rẹ̀. Nínú àwọn ojú ìwé ọmọ, ìkejì ni ti ọmọ mi yìí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìyàwó mi ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú funfun rán an pa.

Bí mo bá gbé ìwé náà fún un, yóò mọ̀ pé òun kọ́ ni àkọ́bí wa. Bí n kò bá gbé e fún un, yóò rin ìlú yẹn já, yóò jẹun, yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò sì padà wálé láì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi nìkan ló kù tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí láti sọ. Mọ́mì Oxon Hill mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kó ti jáde.

"Màá wá a," ni mo wí.

Mọ́mì Oxon Hill ń bá a to aṣọ sínú àpótí ìrìn-àjò lórí tábìlì. Ó fa nǹkan kan jáde, ó nà án sókè síbi iná.

"Kí lèyí? Ìborí ni àbí ìbọ̀sẹ̀?"

"Mọ́mì, aṣọ tí màá fi lúwẹ̀ẹ́ ni."

"Aṣọ! Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó tán síbẹ̀ yẹn o."

"Ó tán lóòótọ́. Ó tán pátápátá." Ó ká a, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bò ó bí ẹni tó ń bo oúnjẹ mọ́lẹ̀. "Oòrùn tí a ń sá fún lọ sábẹ́ igi ní Ọ̀yọ́, òun làwọn kan ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá. Àna mi, ṣé irú èyí ni wọ́n ń wọ̀ nígbà tí ẹ̀ ń kọ́lé fún wọn?"

"Ti àwọn kan kò tó bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán ìlú náà ló wà lójú rẹ̀, tí wọ́n yà láti òkè. "Dádì, ẹ fi àwọn èyí tí ẹ kọ́ hàn mí."

Mo wọ awò ojú mi. Mo mọ omi náà, nítorí pé etí rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ohun tó kù, n kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo dé ìlú yẹn. Mo ti já ọsàn lóko àwọn èèyàn fún bí ọdún kan, mo wá gbọ́ pé wọ́n ń kọ́lé létíkun. Prámárì mẹ́ta ni mo kà dé ní kékeré. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo mọ̀.

Ìlú náà kò tóbi nígbà yẹn. Ìlà hòtẹ́ẹ̀lì kan wà létí omi, àwọn tí wọ́n ti kọ́ kí wọ́n tó bí mi. Lẹ́yìn wọn ni àdúgbò àwọn apẹja, ilé funfun pẹlẹbẹ, tí wọ́n sá àwọ̀n sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, oko ọsàn ló kù, títí dé ìsàlẹ̀ òkè kan. Orí òkè náà ni itẹ́ òkú wà, ó dá wà, ògiri funfun yí i ká. Láti ibùdókọ̀, o máa rìn fún ogójì ìṣẹ́jú kí o tó débẹ̀.

Ọmọ apẹja ni ọ̀gá wa ní sáìtì. Nígbà tí a ń gbẹ́ ihò adágún ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe, ó fi bàtà tẹ ilẹ̀. "Ibí ni bàbá mi máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ìjì bá ń bọ̀," ló wí. Mo bi í bóyá ó dùn ún pé a ń gbẹ́ ibẹ̀. "Bàbá mi kò wọ bàtà gidi rí," ló wí. "Èmi wọ bàtà."

Oko ọsàn la kọ́kọ́ gbà. Ní ọdún kan, a ó kọ́lé dé ibi kàǹga àtijọ́ kan. Ní ọdún kejì, kàǹga náà á ti wà láàárín ìgboro, wọ́n á ti gbin òdòdó yí i ká. Bọ́ọ̀sì ìlú sún ibùdókọ̀ ìparí rẹ̀ síwájú, ó tún sún un. Nígbà ooru, èèyàn á kún etíkun débi pé o kò ní rí iyanrìn. Bí òtútù bá dé, gbogbo wọn á lọ. Ilé alájà mẹ́wàá, iná méjì péré á máa tàn nínú rẹ̀: ti olùṣọ́, àti ti ìyá àgbà òyìnbó kan tí kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ìyàwó mi máa ń dúró lójú fèrèsé láàárọ̀, á máa ka àwọn kéréènì tó ń gbé bíríkì sókè kí ó tó lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá lé sí i, á ní, "Oúnjẹ wà nìyẹn."

Kéréènì ni a lè kà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ibẹ̀ ni a ti bí ọmọkùnrin wa. Ó lo oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú wa. Ó ti ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú dìde. Ibà ọjọ́ méjì ló mú un lọ. Lọ́jọ́ kẹta, n kò lọ sí ibi iṣẹ́, ọ̀gá wa sì wá sílé wa pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í tẹ̀ lé wọn lọ sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni èmi àti ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jiyàn nínú wa. Ará Ìsẹ́yìn kan wà láàárín àwa tí a jọ ń gbé, ó dàgbà jù wá lọ. Òun àti ọ̀gá wa ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Wọ́n ní kí a jókòó sí yàrá, kí a má yọjú sí fèrèsé. Nígbà tí ará Ìsẹ́yìn náà padà dé, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ nídìí omi náà. Ó jáde, ó bá wa jókòó. Kò sọ ibi tó ti ń bọ̀. A kò bi í.

Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé ti gun òkè. Ìlú tó bá ń gba àlejò, òkú rẹ̀ náà á máa pọ̀. Níbẹ̀, wọn kì í sábà gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú. Ògiri ni wọ́n ń mọ, wọ́n á dá ihò sí i lẹ́sẹẹsẹ, lórí ara wọn, bí àpótí lẹ́tà ní pósítọ́fíìsì. Wọ́n á gbé òkú sínú ihò, wọ́n á fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì dí i. Ògiri àtijọ́ ti kún. Wọ́n gbé iṣẹ́ ògiri tuntun fún ilé iṣẹ́ wa.

Ọ̀gá wa dá mi dúró lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Ó di apá mi mú.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ṣàlàyé àṣà yín fún mi lọ́jọ́ tí a gbé ọmọ yín lọ," ló wí. "Gbọ́. Ògiri apá òkun ni tìrẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ, má wò ó."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹ̀yìn mi ni ọmọ náà wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn. Bí òùngbẹ bá gbẹ mí, ẹlòmíràn ló ń gbé omi fún mi. Bí mo bá ń wọlé láàárọ̀ tàbí tí mo bá ń lọ nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, tí ojú mi á wà lára ògiri mi. Àwọn ọmọ Mòrókò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá wa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, n kò gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé omi mi wá. Mo rẹ́ inú àwọn ihò náà dáadáa. N kò rẹ́ ògiri tó dán bẹ́ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kankan. Àwọn kan nínú ihò náà kéré, ìwọ̀n ọmọdé.

Nígbà tí a bí ọmọ mi obìnrin, a lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ṣí ìwé búlúù wa, ó ní, "Ọmọ kejì," ó sì kọ ọ́. Bí a ti délé, ìyàwó mi mú abẹ́rẹ́ tó fi ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì rán, ó rán ojú ìwé àkọ́kọ́ náà mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, yípo. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó máa ṣí bá òun lójijì. N kò ka ojú ìwé yẹn rí. Nígbà tó ṣì ṣí sílẹ̀, n kò mọ̀wé. Nígbà tí mo fi máa mọ̀wé, ó ti pa dé.

Ìgbà tó yá, iṣẹ́ dúró. Kéréènì kò yí mọ́. Àwọn ilé kan wà tí a kọ́ dé àjà kẹfà tí wọn kò ní fèrèsé, tí ẹyẹ òkun ń sùn nínú wọn. Ìyàwó mi jẹ fíìsà lọ́tìrì Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti wà ní Oxon Hill. Lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére fún ọ̀gá wa, ó ní òun fẹ́ sọ ohun kan fún mi, bí àṣà wa bá gbà á. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní sìmẹ́ńtì lásán ni wọ́n fi dí ihò ọmọ wa, kò sí òkúta níwájú rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun fi ìṣó kọ orúkọ sí i kí ó tó gbẹ. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun kọ ọ́ dáadáa.

Ní Maryland, iṣẹ́ táìsì títẹ́ ni mo ń ṣe, mo sì ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì ìwé kíkà àwọn àgbà ní Riverdale Park. Níbikíbi tí wọ́n bá ti béèrè iye ọmọ tí mo ní, mo ń kọ ọ̀kan. Nígbà tí ọmọ mi wà ní kékeré, ó bi ìyá rẹ̀ ìdí tí òun kò fi ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìwọ ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa." Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa kí i ní àkọ́bí, òun náà á máa rìn bí àkọ́bí.

Nígbà tí àìsàn ìyàwó mi ti wọ̀ ọ́ lára, ó bi mí ní ọ̀sán kan, "Ṣé lóòótọ́ lo kò bojú wẹ̀yìn?"

"N kò bojú wẹ̀yìn."

"O ṣeun." Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Ó yẹ kí ẹnì kan lọ kí i."

Mo dá fóònù padà fún ọmọ mi. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi.

"Kí ni nǹkan funfun tó wà láàárín ilé wọ̀nyí? Páákì ni?"

Mo wò ó. Ilé gíga wà ní apá ọ̀tún, ilé ìtajà ńlá kan wà ní apá òsì pẹ̀lú ọkọ̀ níwájú rẹ̀. Láàárín wọn ni ògiri funfun náà wà. Ìlú ti bá a, ó ti kọjá rẹ̀, ó ti gba ìhà kejì òkè lọ. Mo rí ògiri tèmi, tó kọjú sí òkun. N kò jẹ́ kí ojú mi kọjá ibẹ̀. Mo dìde, mo gun òkè lọ sí yàrá, mo sì gbé ìwé náà wá.

Mọ́mì Oxon Hill rí i lọ́wọ́ mi. Ó dá aṣọ kíká dúró.

Ọmọ mi ṣí i. Ó rí òwú náà. Ó fi èékánná kàn án. "Ta ló rán an?"

"Ìyá ẹ."

"Kí ló dé? Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń dúró de ìyókù àwàdà. Ó wo ojú mi, ó wo ti Mọ́mì Oxon Hill.

"Mọ́mì. Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Gbogbo èèyàn mọ̀ àfi èmi."

"Ẹni mẹ́ta kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ọ̀kan sì ti lọ nínú wọn."

"Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní àkọ́bí. Níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kàn ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jáde. Mo rí i láti ojú fèrèsé, tó dúró lẹ́bàá ọgbà aládùúgbò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Mo ní kí n lọ bá a.

"Ẹ jókòó," ni Mọ́mì Oxon Hill wí. "Ẹ̀yin ti gbé e fún ọdún mélòó? Ẹ jẹ́ kí òun náà gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo rò ó pé bóyá kò ní lọ mọ́. Mo rò ó pé bóyá yóò lọ, kò sì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ bó bá dé. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò jókòó.

"Kí ni orúkọ ẹ̀?"

Mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ, n kò pè é síta rí. Ó rọ̀ mí lẹ́nu ju bí mo ti rò lọ.

Ó pè é tẹ̀ lé mi. "Ẹ tún un pè." Mo tún un pè. Ó ní, "Níbo ló wà?"

"N kò mọ̀. Òbí kì í mọ̀ ọ́n."

"Àbúrò ńkọ́?"

Mọ́mì Oxon Hill ló dá a lóhùn. "Àbúrò lè lọ. Ta ni yóò lọ bí àbúrò kò bá lọ?"

Mo gba fóònù náà, mo fi ògiri mi hàn án. Mo ní, "Dúró síbí. Èyí ni mo mọ. Kọ ẹ̀yìn sí i, kí o sì máa wo iwájú. Ibi tí èmi kò wò nìyẹn. Wá èyí tí kò ní òkúta, tí wọ́n fi ìṣó kọ orúkọ sí."

"Kò ní òkúta rárá?"

"Kò ní."

Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ́ táìsì."

Mo wo Mọ́mì Oxon Hill, nítorí pé òun ni àgbà ilé. Ó ti padà sídìí aṣọ kíká. "Ẹsẹ̀ bàbá kò gbọdọ̀ débẹ̀," ló wí. "Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀." Ó gbọn ṣẹ́ẹ̀tì kan. "Ààyè sì pọ̀ nínú àpótí yìí. Ẹ ṣáà rí i pé aṣọ inú rẹ̀ kò gba ibì kankan."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo na síṣọ́ọ̀sì sí i pé kí ó gé òwú náà bó bá wù ú. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ló wà lára rẹ̀. Bí akọ̀wé bá fẹ́ ṣí i, òun á gé e níwájú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí ọmọ mi tó jí. Mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Táìsì funfun mẹ́rin ló ṣẹ́kù níbi tí mo ti tún balùwẹ̀ ṣe. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà méjì, mo kọ orúkọ náà sáàárín wọn pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gbogbo, mo sì fi ẹ̀rọ oníná tí mo fi ń gé táìsì tọ ojú ìlà rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ fọ́ níbi lẹ́tà kẹta. Mo mú òmíràn. Mo fi sùúrù ṣe é. Nígbà tí mo parí, mo fi omi nù ún, mo sá a sí oòrùn lórí korobá kan tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo tì í sí àárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì nínú àpótí ọmọ mi, níbi tí nǹkan kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbá ekuru gáréèjì, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì lọ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kí a má bàa pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.